Yìnyín ṣì nípọn, kí ló dé tí wọ́n fi ṣéènì dí ọ̀nà adágún?

"Ẹ̀gbọ́n, mo dé etí adágún, wọ́n ti fi ṣéènì dí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ mo ń wo àwọn òyìnbó mẹ́ta láàárín omi lọ́hùn-ún, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń pẹja. Àbí nítorí àwọ̀ wa ni?"

Tí oṣù Kẹta bá ti wọlé ní ìpínlẹ̀ Minnesota níbí, ní Amẹ́ríkà, irú ìpè yìí ò ní ṣàì dé. Mi ò ní parọ́ fún àbúrò mi pé ohun tó ń rò yẹn kì í ṣẹlẹ̀ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ti ṣéènì yìí kọ́. Àwọn mẹ́ta tó rí yẹn ti wọlé ní kùtùkùtù, nígbà tí etí omi ṣì le. Ohun tó yẹ kó bi mí ni bí wọ́n ṣe máa jáde.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí mi, omi ò sì bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń mú àwọn èèyàn lọ fi ìwọ̀ pẹja lórí yìnyín níbí. Ohun tó pẹ́ jù kó tó yé mi nínú gbogbo rẹ̀ ni pé yìnyín oṣù Kejìlá àti yìnyín oṣù Kẹta, orúkọ lásán ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Àjọ tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì ní ìpínlẹ̀ yìí, DNR tí gbogbo wa mọ̀, sọ pé ínǹṣì 4 ló kéré jù fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn há ínǹṣì 4 yìí sórí, wọ́n wá gbàgbé gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: yìnyín tuntun, tó mọ́ gaara, ni wọ́n ń sọ. Yìnyín funfun, èyí tí ìrì dídì pò mọ́, agbára rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, nítorí náà ìlọ́po méjì ni kéèyàn máa wá. Ti oṣù Kẹta tún burú jù ìyẹn lọ. Tí ẹ bá fojú inú wo yìnyín adágún, bí ọwọ́ ìgbálẹ̀ ló rí, ọ̀pá tín-ín-rín tín-ín-rín tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà òtútù, okùn ìdí ìgbálẹ̀ le, kò sí ohun tó lè tú u. Tí oòrùn bá wá ń ràn, tí ọjọ́ sì ń gùn sí i, ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú yìnyín lọ, á máa yọ́ ibi tí ọ̀pá kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì. Okùn ti já nìyẹn. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ lè bá ínǹṣì 15 níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá irin gún un lẹ́ẹ̀kan, á tú ká bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀.

Ìdí rèé tí ìbéèrè "báwo ló ṣe nípọn tó?" kò fi tó lásìkò yìí. Àwọ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: tó bá ti ń ṣe eérú tàbí tó ń dúdú, omi ti wọ inú rẹ̀. Ìró rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Tí ọ̀pá irin bá lu yìnyín tó le, á dún kan-an, á sì ta padà sọ́wọ́ yín. Èyí tó ti jẹrà máa ń gbé e mì pọ́lọ́ ni.

Etí omi ló kọ́kọ́ ń lọ. Ilẹ̀ dúdú máa ń mu ooru oòrùn, omi tó ń yọ́ látorí òkè ń ṣàn wọ adágún, omi etíbèbè ò sì jìn, kíá ló ń móoru. Àárín lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí etí ti di àkàrà tútù. Lóru, òtútù á tún un dì. Èèyàn á gbà á kọjá láago mẹ́fà àárọ̀ láìfura, á jókòó, ẹja á máa jẹ, inú á máa dùn. Nígbà tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ọ̀nà tó bá wọlé kò sí mọ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ti ṣe mí. Mo ń fa ẹrù ẹja mi bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ò ju ìgbésẹ̀ márùn-ún sí mi mọ́, ni mo bá rì dé ìbàdí. Omi tí ò jìn ló yọ mí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyàwó mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ta ló wá ń ti ọ̀nà? Ọ̀pọ̀ rò pé ìjọba ìpínlẹ̀ ń wọn yìnyín kiri, tó ń sọ pé eléyìí dára, tọ̀hún ò dára. Rárá o. DNR kì í fọwọ́ sí yìnyín kankan pé ó dájú, wọn kì í sì í ti adágún nítorí pé yìnyín fẹ́lẹ́. Ẹni tó ni ọ̀nà ló ń ti ọ̀nà rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìlú tó ni ọgbà ìtura, ó lè jẹ́ káúńtì, ó sì lè jẹ́ àwọn onílé ìgbafẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe lórí yìnyín, tí wọ́n ń gbé afárá sórí ibi tó bá là, tí wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ wa. Tí etí omi bá ti ń lọ, wọ́n á gbé afárá wọn kúrò. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n kàn fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Lára owó tí à ń san ni wọ́n ti ń jẹun, kò sì wù wọ́n láti tì í.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kó wo Upper Red Lake, adágún ńlá kan ní àríwá ìpínlẹ̀ yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, yìnyín ya kúrò létí omi níbẹ̀, ó gbé nǹkan bí 200 apẹja lọ. Nígbà tí ọdún 2023 ń lọ sópin, ó tún ṣẹlẹ̀, èèyàn 122 ni wọ́n kó jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ òtútù nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ìparí rẹ̀ ń gbà: tí yìnyín kò bá di ilẹ̀ mú mọ́, ọkọ̀ ojú omi tí ò ní awakọ̀ ni, ibi tó bá wu atẹ́gùn ló máa gbé e lọ.

Adágún yẹn náà ní ààlà tí kì í ṣe ti yìnyín rárá. Apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, àti gbogbo Lower Red Lake, ti àwọn Ojibwe ti Red Lake ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ wọn ò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ síbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ògiri lórí omi, ẹ̀rọ GPS ló máa fi ààlà hàn yín. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kó rántí pé àpẹjù ti pa ẹja walleye ibẹ̀ run nígbà kan, débi pé láti 1999 títí di 2006 wọ́n dá pípa rẹ̀ dúró ní gbogbo adágún náà, lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ ìjọba.

Kàlẹ́ńdà náà tún ń tì wá mọ́ta. Àkókò pípa ẹja walleye àti northern pike máa ń parí lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kejì nínú omi abẹ́lé, ìyẹn omi tí kò sí lórí ààlà ìpínlẹ̀. Láísẹ́ǹsì ọdún tó kọjá náà kú lọ́jọ́ tí oṣù Kejì parí, ìyẹn ló sì ń mú àwọn èèyàn wa jù: wọ́n á gbé ti àná jáde fún ẹ̀ṣọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta. Àgọ́ orí yìnyín gbọ́dọ̀ kúrò lóru ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù Kẹta ní gúúsù, ọjọ́ Ajé kẹta ní àríwá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gbé àgọ́ kékeré dání, ṣùgbọ́n àgọ́ kankan ò gbọdọ̀ dá sùn síbẹ̀ láìsí èèyàn nínú.

Ẹja tó kù ni crappie, perch àti bluegill, kò sí àkókò tí wọ́n ń dá pípa wọn dúró. Bluegill yìí, ẹ dín in, kí ẹ fi ata rodo sí i, ẹ ó rántí epìyà. Oṣù Kẹta gan-an ni wọ́n ń jẹ dáadáa, nítorí omi tó ń yọ́ wọlé ń gbé atẹ́gùn tuntun wá fún wọn, wọ́n á sì wọ́ wá sí etíbèbè tí omi ò jìn. Ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀: ibi tí ẹja ń bọ̀ ni ibi tí yìnyín ti ń kú.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé. Tí ilẹ̀ kò bá dì lóru, mi ò lọ. Mi ò gbé ọkọ̀ gùn ún mọ́ rárá láti ìparí oṣù Kejì. Ọ̀pá irin ló ń ṣáájú mi, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlù kan. Mo ń yẹra fún ẹnu odò, abẹ́ afárá, àti ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Aṣọ tó ń léfòó ló wà lọ́rùn mi, àti ìṣó oníèèkù méjì tí mo so kọ́ àyà. Láago mẹ́wàá, mo ti ń palẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé ẹja ń bẹ̀ mí.

Tí yìnyín bá já lábẹ́ yín, ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, èémí nìkan ni kí ẹ bá jà. Ara á fẹ́ máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má gbà fún un. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ṣì máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ kọjú sí ibi tí ẹ gbà wá, torí ó ti gbé yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ki ìṣó bọ yìnyín, ẹ fẹsẹ̀ ta omi bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ fàyà fà jáde. Ẹ má dìde dúró o, yíyí ni kí ẹ yí gbirigbiri títí dé ibi tó le.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kó pe ẹni tó ni ọ̀nà, kó bi í bóyá ọkọ̀ nìkan ni ṣéènì wà fún, kó sì padà wá láago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá irin. Ó pè mí láago mẹ́jọ. Ọ̀pá ti wọlé pọ́lọ́ ní ìlù kejì, ó ti yà ra pánla ní Brooklyn Park, ó ń lọ sílé.