Ìhà tí ọmọ Ìjọ Kátólíìkì lè kọ sí ẹ̀sùn pé àwọn olórí Ìjọ bo ìwà ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀

Ẹ̀sùn ìbomọ́lẹ̀ nínú Ìjọ Kátólíìkì ni ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan bíṣọ́ọ̀bù, kádínà tàbí olórí ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà, nígbà mìíràn Póòpù pàápàá, pé ó mọ̀ pé àlùfáà kan hu ìwà ìṣekúṣe, pàápàá jù lọ sí ọmọdé, ṣùgbọ́n tí kò dá a dúró, tí kò fi í sùn, tàbí tí ó kàn gbé e láti páríìṣì kan lọ sí òmíràn. Ẹ̀sùn yìí yàtọ̀ sí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí ó ṣe nǹkan ni ó ń bá wí bí kò ṣe ẹni tí ó yẹ kí ó dá a lẹ́kun. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ohun tí ọmọ Ìjọ tí kò wà nípò kankan lè ṣe bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá jáde, ó sì ń wo ọ̀rọ̀ náà láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé òǹkàwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ń fi ẹ̀sùn kàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti gbangba

Ní oṣù kìíní ọdún 2002, ìwé ìròyìn Boston Globe ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn àlùfáà tí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn káàkiri páríìṣì ní Boston. Kádínà Bernard Law, tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà níbẹ̀, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní ọdún 2009, ìròyìn ìgbìmọ̀ Murphy sọ ohun tí ó jọ ọ́ nípa Dublin ní Ireland. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ìgbìmọ̀ aṣèwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania gbé ìròyìn jáde nípa dáyósíìsì 6 (dáyósíìsì ni agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣàkóso), níbi tí ó ti ka àlùfáà tí ó lé ní 300 àti ọmọdé tí ó lé ní 1,000 láàárín nǹkan bí 70 ọdún.

Ti orílẹ̀-èdè Chile ni ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Wọ́n fẹ̀sùn kan Bíṣọ́ọ̀bù Juan Barros ti Osorno pé ó mọ̀ nípa ìwà Fernando Karadima, àlùfáà tí ó ti bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìṣekúṣe, àti pé Barros dákẹ́. Nígbà tí Póòpù Francis ṣèbẹ̀wò sí Chile ní oṣù kìíní ọdún 2018, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí ẹ̀rí, ó sì pe ẹ̀sùn náà ní ìbanilórúkọjẹ́. Àwọn tí Karadima pa lára kò dákẹ́. Póòpù rán Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Charles Scicluna lọ ṣèwádìí, nígbà tí ó sì ka àbájáde rẹ̀, ó kọ lẹ́tà ní oṣù kẹrin pé òun ṣe àṣìṣe ńlá nínú ìdájọ́ òun, ó sì ránṣẹ́ pe mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ wá sí Róòmù kí ó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún, gbogbo bíṣọ́ọ̀bù Chile fi ìwé ìfipòsílẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì gba ti Barros ní oṣù kẹfà. Ẹni tí ó bá rò pé ẹni tí ó ń béèrè ìwádìí lọ́wọ́ olórí Ìjọ kò nígbàgbọ́ mọ́ yẹ kí ó ka ìtàn yìí dáadáa, nítorí pé bí àwọn ọmọ Ìjọ Osorno bá ti dákẹ́ nítorí pé Póòpù ti sọ̀rọ̀, inú àṣìṣe yẹn ni Póòpù fúnra rẹ̀ ìbá wà.

Ọ̀rọ̀ Theodore McCarrick, tí ó jẹ́ kádínà ní Washington, tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nípò àlùfáà ní oṣù kejì ọdún 2019, Vatican sì gbé ìròyìn gígùn kan jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 nípa bí ó ṣe gòkè dé ibẹ̀. Ìròyìn náà sọ nípa ìyá ọlọ́mọ kan, tí kò dárúkọ rẹ̀, tí ó ṣàkíyèsí bí McCarrick ṣe ń fọwọ́ pa àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lára nínú ilé rẹ̀, tí ó sì kọ lẹ́tà sí àwọn kádínà Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1980. Kò fi orúkọ sí i, nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tí ó lè dé bá ìdílé rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí wá àwọn lẹ́tà náà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò rí ọ̀kan. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá, ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ láàárín ogún ọdún yẹn kò ṣeé dá padà.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1969 pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù Anthony Saliu Sanusi gẹ́gẹ́ bí olórí àkọ́kọ́, ni ó ń bójú tó àwọn ọmọ Ìjọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Nínú ètò Ìjọ, ó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Èkó, kókó yìí sì ṣe pàtàkì fún ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀. Àwọn Àgùdà kò pọ̀ lágbègbè yìí bí Mùsùlùmí, Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, ìdílé kan náà sì lè ní gbogbo wọn. Nígbà tí ìròyìn láti òkè òkun bá jáde lórí WhatsApp, ọwọ́ àna, ọmọ ìyá tàbí ará ọjà ni ìbéèrè ti ń wá, ojú a sì ti ọmọ Ìjọ. Ìtìjú yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, tàbí pé ọ̀tá Ìjọ ni ó gbé e kalẹ̀. Sísítà Veronica Openibo, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn sísítà Holy Child Jesus nígbà náà, dáhùn sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú Póòpù àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2019, nígbà tí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òṣì, ogun àti àìsàn tí ó wà ní Áfíríkà ṣe àwáwí láti fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a wò dáadáa. Kì í ṣe ohun tuntun kí wọ́n gbé àlùfáà kúrò ní páríìṣì kan lọ sí òmíràn. Wọn a ka ìwé bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Mísà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá a dá owó, wọn a ra aṣọ kan náà, wọn a sì fi orin àti ẹ̀bùn sin Fadá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ìgbésípò bẹ́ẹ̀ kò ní àléébù kankan. Síbẹ̀, inú ètò tí ojú ti mọ́ yìí gan-an ni ìbomọ́lẹ̀ ti rí ibi sá sí ní Boston, nítorí pé àwọn tí ó ń béèrè ìdí tí Fadá fi ń lọ kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ dáyósíìsì bóyá ẹ̀sùn kan wà nípa àlùfáà tí ó ń bọ̀ tàbí èyí tí ó ń lọ, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àfojúdi.

Ẹni tí ó farapa

Orúkọ Ìjọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò nígbà tí ẹ̀sùn bá jáde, ibẹ̀ sì ni ìbomọ́lẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ àwọn tí kò ní èrò ibi rárá. Ọmọ tí ó farapa ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Bí ọmọ kan ní Ṣàgámù bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, kí ìyá náà fetí sílẹ̀ láìkígbe, kí ó má sì da ìbéèrè bo ọmọ, kí ó má baà di pé ọ̀rọ̀ ìyá ni ọmọ yóò máa tún sọ fún ọlọ́pàá. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, kí ó má wẹ ọmọ, kí ó má fọ aṣọ tí ọmọ wọ̀. Inú àpò bébà ni kí ó kó aṣọ náà sí, nítorí pé ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kí wọ́n dé ilé ìwòsàn kíákíá, ó pẹ́ jù láàárín wákàtí 72, nítorí pé oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí àkókò yẹn tó kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbà yóò dé, tí wọn yóò ní kí a yanjú rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń yanjú nílé. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti ṣe irú rẹ̀, ọ̀ràn ni kí àgbàlagbà bá ọmọdé lòpọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ fún un. Ọlọ́pàá ni ó ni ìwádìí ọ̀ràn. Ti Ìjọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Gbígbọ́ tọ̀tún tòsì

Kí a gba ẹni tí ó farapa gbọ́ tó láti ṣèwádìí yàtọ̀ sí kí a ti dá ẹjọ́ fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ ní Australia dá Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Philip Wilson ti Adelaide lẹ́bi pé ó bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀, ó fi ipò sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre kí ọdún náà tó parí. Kádínà Philippe Barbarin ti Lyon jẹ̀bi ní oṣù kẹta ọdún 2019 pé kò fi àlùfáà kan sùn, wọ́n sì yí ìdájọ́ náà padà ní oṣù kìíní ọdún 2020. Wọ́n dá Kádínà George Pell lẹ́bi pé òun fúnra rẹ̀ bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, ó sì ti lo ọdún kan àti nǹkan bí oṣù kan lẹ́wọ̀n kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Australia tó fẹnu kò ní oṣù kẹrin ọdún 2020 láti dá a sílẹ̀. Òfin Ìjọ, ní kánọ́nù 220, sọ pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni ba orúkọ rere ẹlòmíràn jẹ́ láìtọ́. Nítorí náà, fífi orúkọ àti àwòrán àlùfáà kan ránṣẹ́ káàkiri WhatsApp kì í ṣe ìfisùn, ó sì lè ba ẹjọ́ ọmọ náà jẹ́ nílé ẹjọ́.

Ìgbàgbọ́ nínú Ìjọ

Ìbéèrè tí ó máa ń gún ọkàn jù ni bóyá Mísà àti ìjẹ́wọ́ tí irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ òótọ́. Áfíríkà ni wọ́n ti dáhùn rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrin, àwọn Donatist, ẹgbẹ́ Kristẹni kan ní àríwá Áfíríkà, sọ pé sákírámẹ́ńtì (ààtò mímọ́ Ìjọ, bíi Mísà àti ìjẹ́wọ́) tí bíṣọ́ọ̀bù aláìṣòótọ́ bá ṣe kò wúlò, Augustine Mímọ́ ti Hippo sì ta kò wọ́n pé Kristi ni ó ń ṣe sákírámẹ́ńtì, kì í ṣe ìwà mímọ́ ẹni tí ó dúró níbi pẹpẹ. Ẹ̀kọ́ yìí ń tu ọmọ Ìjọ nínú, ṣùgbọ́n àṣìlò rẹ̀ ni láti fi gbèjà aṣebi. Ìwé Mímọ́ sọ bí Pọ́ọ̀lù ṣe ta ko Pétérù lójúkojú nítorí ó jẹ̀bi (Gàlátíà 2:11), ó sì sọ bí Ọlọ́run ṣe dá ilé Élì lẹ́jọ́ nítorí pé ó mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe, kò sì dá wọn lẹ́kun (1 Sámúẹ́lì 3:13). Kò sí ẹ̀sùn ìbomọ́lẹ̀ tí ó ṣe kedere ju ti Élì lọ.

Bí irú ẹ̀sùn yìí bá jáde, àwọn kan máa ń dá ọrẹ ìkórè dúró títí wọn yóò fi rí èsì. Àwọn mìíràn ń darí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn aláìní tààrà nípasẹ̀ ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul. Òfin Ìjọ ní kí ọmọ Ìjọ máa ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ohun tí Ìjọ nílò (kánọ́nù 222), àwọn onímọ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ìdádúró yìí ti di àìgbọràn. Àwọn mìíràn fi Ìjọ sílẹ̀ pátápátá. Póòpù Francis, nínú lẹ́tà rẹ̀ ti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2018, bẹ gbogbo ọmọ Ìjọ pé kí wọ́n gbàdúrà kí wọ́n sì gbààwẹ̀, ó sì dá àṣà tí ó sọ àlùfáà di ẹni tí a kì í bi ní ìbéèrè lẹ́bi.

Ọ̀nà ìfisùn

Kánọ́nù 212 fún ọmọ Ìjọ ní ẹ̀tọ́, ó sì ń sọ ọ́ di ojúṣe rẹ̀ nígbà mìíràn, láti sọ èrò rẹ̀ fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òfin Vos estis lux mundi (“Ẹ̀yin ni ìmọ́lẹ̀ ayé”), tí Póòpù Francis gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, tí ó sì di òfin pípẹ́ ní ọdún 2023, ṣe é ní kíkún. Ó pa á láṣẹ fún gbogbo àlùfáà àti sísítà láti fi ohun tí wọ́n bá mọ̀ sùn kíákíá. Ẹnikẹ́ni mìíràn náà lè fi sùn. Ó ka ìbomọ́lẹ̀ láti ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìwádìí tirẹ̀, ó sì ka jíjẹ ẹni tí ó fi sùn níyà tàbí dídè é ní ẹnu léèwọ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò lè jáde lẹ́nu àlùfáà láé (kánọ́nù 983), nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ lẹ́yìn ìjẹ́wọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀sùn tí ó bá kan àlùfáà ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi sùn pé ó bo nǹkan mọ́lẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Èkó ni yóò gbà á, tí yóò sì béèrè àṣẹ ìwádìí láti Róòmù. Ó lè mú àwọn ọmọ Ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, bí amòfin tàbí dókítà, mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Bí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, tàbí bí olùfisùn kò bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni níbí, ó lè kọ̀wé tààrà sí Róòmù tàbí kí ó fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ aṣojú Póòpù ní Àbújá. Kí ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó pa ẹ̀dà kan mọ́ sílé, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á.