Àkàbà kan náà, ẹlòmíràn ló wà nísàlẹ̀: bí ọmọ ṣe lè fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú àtijọ́ wé ti òde òní ní Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan wà tí àwa olùkọ́ ìtàn ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀: mú àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú kan láti ayé àtijọ́, mú òmíràn láti òde òní, kí o sọ ohun tó jọra nínú wọn àti ohun tó yàtọ̀. Àwọn òbí tó jẹ́ Yorùbá máa ń bi mí pé kí gan-an ni kí ọmọ wá nínú àwòrán. Ìdáhùn tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ máa ń kọ ni pé, “Nígbà yẹn, wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jà lórí ẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà.” Ọmọ tó kọ irú èyí ò tíì wo àwòrán. Àkọlé ló kà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí àwòrán ń sọ sílẹ̀ ná, kí wọ́n mú ohun kan tí wọ́n yà síbẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀lé e láti ọdún dé ọdún: àkàbà, ògiri, ẹnu ọ̀nà, àpò owó. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà ti ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nǹkan ọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tí wọ́n gbé sórí ẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fi sísàlẹ̀ ló ń yí.

Ẹ jẹ́ ká mú àkàbà. Ní oṣù keje ọdún 1870, Thomas Nast, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú, ya ògiri gíga kan sínú Harper's Weekly, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti gun àkàbà wọ Amẹ́ríkà ti wà lókè ògiri, àwọn ará Ireland sì wà lára wọn. Wọ́n wá ń ti àkàbà náà ṣubú kí àwọn ará Ṣáínà tó wà nísàlẹ̀ má baà rí i gùn. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1882, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà, wọn ò sì fagi lé òfin náà títí di 1943.

Ní oṣù kìíní ọdún 1893, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Ellis Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àjèjì wò ní New York kí wọ́n tó wọlé, Joseph Keppler, ayàwòrán bíi Nast, ya tirẹ̀ sínú Puck, ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ kan. Àwọn ọlọ́lá tó wọ aṣọ olówó ńlá na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń dá ọkùnrin kan dúró tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀yìn àwọn ọlọ́lá yìí. Òjìji wọn tóbi ju àwọn fúnra wọn lọ, kì í sì í ṣe òjìji olówó. Òjìji tálákà ni, pẹ̀lú ẹrù léjìká, bí àwọn tàbí bàbá wọn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Àjèjì ni Keppler àti Nast pẹ̀lú: Vienna ni wọ́n ti bí Keppler, Jámánì ni wọ́n ti bí Nast.

Òjìji yẹn ò nílò àlàyé nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba Trump fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn ò ní fún ní físà àtilọ máa gbé ibẹ̀ mọ́, ọdún 2021 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Síbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tiwa tí ìwé ti bọ́ sí lọ́wọ́, níbi ìsọmọlórúkọ pàápàá, pé kí wọ́n ti bọ́dà pa jàre. Kí irú wọn wo Keppler dáadáa.

Ibi tí ọmọ ti máa ń kó sí wàhálà rèé. Ó ti rí àkàbà Nast, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rẹ́ àwọn àjèjì ni ọkùnrin yìí. Kí ó ṣí Harper's Weekly kan náà ti oṣù kẹsàn-án ọdún 1871. Nast ya àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì bí ọ̀nì tó ń rá jáde látinú odò láti wá pa àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà jẹ, fìlà bíṣọ́ọ̀bù wọn ló sì fi ṣe ẹnu ọ̀nì. Tó bá sì fẹ́ ya ará Ireland, ojú ìnàkí ló sábà máa ń fún un. Ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tún le ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1874, ó ya àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú ní South Carolina bí aláriwo tí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọwọ́ yẹn kan náà ló ya tọkọtaya aláwọ̀ dúdú kan tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú òkú ọmọ wọn láàárín, tí àwọn apànìyàn Ku Klux Klan àti White League, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń dá aláwọ̀ dúdú lóró, bọ ara wọn lọ́wọ́ lókè orí wọn. Ọmọ tó bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì máa kọ irọ́ láìmọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n wá àwòrán mìíràn látọwọ́ ayàwòrán kan náà kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nípa ọkàn rẹ̀. Èmi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn: ẹni tó lè ya ti oṣù kẹwàá mọ ohun tó ń ṣe nínú oṣù kẹta.

Àpò owó ló máa ń yé àwọn ọmọ jù. Ní 1871, Nast ń bá William Tweed jà, ọ̀gá àwọn tó ń kó owó ìlú New York jẹ. Ó yọ orí Tweed kúrò, ó gbé àpò owó síbẹ̀, ó sì fi àmì dọ́là ṣe ojú àti imú rẹ̀. Wọ́n ní Tweed sọ pé ohun tí ìwé ìròyìn ń kọ ò kan òun, nítorí àwọn tó ń dìbò fún òun ò mọ̀wé, àmọ́ wọ́n lè rí àwòrán. Àwọn bàbá wa tó ń ra West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Azikiwe dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó kàwé ní Amẹ́ríkà, mọ irú agbára yìí lára àwòrán Akinola Lasekan ọmọ Ọ̀wọ̀.

Nígbà tó di 1889, nínú Puck, àpò owó ti di odindi ara. Keppler ya àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ti gba ọjà mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́, ti epo, ti irin, ti bàbà, ti ṣúgà, bí òmìrán tí ikùn wọn jẹ́ àpò owó. Wọ́n tò sẹ́yìn àwọn sẹ́nétọ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ sì kéré bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi níwájú wọn. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn òmìrán ń gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èyí tó jẹ́ ti ará ìlú wà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ti tì í pa. Nígbà yẹn, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan sẹ́nétọ̀. Ọdún 1913 ni wọ́n tún òfin ṣe kí ará ìlú lè máa dìbò yàn wọ́n fúnra wọn.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí Ann Telnaes yà fún Washington Post ní ìparí ọdún 2024. Àwọn olówó ló wà níbẹ̀, Jeff Bezos tó ni ìwé ìròyìn náà sì wà lára wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ère Trump, àpò owó wà lọ́wọ́ wọn, Mickey Mouse, eku tó jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ Disney, sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ Yorùbá lè rí i kó rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti di ẹni ẹ̀tẹ́ nìyẹn, ẹ ṣàlàyé èyí fún ọmọ nílé. Olóòtú ò gbé àwòrán náà jáde. Ó ní àwọn ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan náà tẹ́lẹ̀, pé nítorí àwítúnwí lòun ò ṣe gbé e. Telnaes fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, ní oṣù karùn-ún.

Àpò owó náà ló ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ní 1889, owó ló ga ju ìjọba lọ, kò sì ní ojú ẹnì kan pàtó. Nínú ti Telnaes, owó ti kúnlẹ̀ fún ìjọba, a sì mọ ojú àwọn tó ni ín. Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn, ọmọ tó bá kọ ọ́ ti gba máàkì lọ́wọ́ mi. Bí ó bá tún fi kún un pé Keppler wà lára àwọn tó ni Puck, pé òṣìṣẹ́ ni Telnaes nínú ìwé ìròyìn tí ẹlòmíràn ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí òpìtàn.

Kì í ṣe gbogbo àwòrán ló ní àpò owó tàbí òmìrán ṣá. Ní 1955, nínú Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, Jackie Ormes ya ọmọdébìnrin kan tó wọṣọ tó dáa, tó ń fi ẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kẹ́tùlù funfun kékeré tuntun yẹn súfèé sí òun. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló kan òṣèlú níbẹ̀. Kí wọ́n wo ọjọ́ tó jáde. Oṣù kẹwàá ni. Ní oṣù kẹjọ, ní Mississippi, wọ́n ti pa Emmett Till, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, torí wọ́n ní ó súfèé sí obìnrin aláwọ̀ funfun kan. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ kọ oṣù àti ọdún tí àwòrán jáde sílẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun mìíràn, kó sì wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù bíi mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán Puck àti ti Harper's Weekly wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì mọ́ kedere débi pé ẹ lè ka àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lára aṣọ àti ògiri. Ti òde òní ṣì ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, kó kọ orúkọ ayàwòrán sábẹ́ ẹ̀. Mo máa ń yọ máàkì fún ẹni tó bá gbàgbé.