Plánì Ilé Gbígbé Kì Í Ṣe Ìwé Àṣẹ Ilé Oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèrò láti ṣí ilé oúnjẹ ní Abẹ́òkúta, láti Ìtòkú títí dé Pansẹ́kẹ̀, ló gbà pé bí ilé tí wọ́n háyà bá ti ní plánì tí ìjọba fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ti forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìjọba fọwọ́ sí lórí plánì yẹn ni pé kí ìdílé máa gbé inú ilé náà, kì í ṣe pé kí èrò máa wọ́ wá jẹun níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Láti ọdún 1992 ni òfin ètò ìlú ilẹ̀ wa ti ka yíyí ìlò ilé padà lọ́nà tó kan àyíká mọ́ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ ètò ìlú wà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹni tó fẹ́ sọ pálọ̀ di ilé oúnjẹ yóò lọ. Orúkọ iṣẹ́ ni CAC ń kọ sílẹ̀; ìmọ́tótó àti ìlera àwọn tó ń se oúnjẹ ni wolé-wolé ń yẹ̀ wò. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wò ó bóyá ilé lè ru ẹrù tuntun tí a fẹ́ gbé kà á lórí.

Ọ̀rọ̀ ògiri ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí á wó ògiri tó pín yàrá méjì níyà, kí àyè lè gba tábìlì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, tí kò ní òpó kọnkéré, ògiri yẹn gan-an ló gbé àjà òkè dúró. Bíríkìlà lè wó o kí ilé má mira lọ́jọ́ náà, kí gbogbo ènìyàn sì rò pé ewu ti kọjá, nígbà tí àjà ṣì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ wá ibi tí ẹrù ilé ń gbà dé ìpìlẹ̀, yóò fi igi ti àjà náà, yóò sì fi bíìmù, òpó ìdábùú tí yóò gbé àjà, rọ́pò ògiri. Òun náà ni yóò sọ bóyá dẹ́kì lè gbé táǹkì omi oní-lítà 2,000, tó jẹ́ pé bó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan tó tọ́ọ̀nù méjì.

Àwọn mìíràn gbà pé fèrèsé gíga tó fún ààbò gáàsì. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Ìta ló yẹ kí sìlíńdà wà, kí ihò atẹ́gùn sì wà nísàlẹ̀ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀.

Ti omi ìdọ̀tí tún ní ìṣòro tirẹ̀ nílùú wa, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, omi kì í sì í tètè wọlẹ̀. Sókàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún ìdílé kan kò lè gba omi àwo àti ìkòkò ilé oúnjẹ. Ọ̀rá yóò dí i, omi yóò yọ sí ojú títì tàbí kí ó wá ọ̀nà lọ sínú kànga aládùúgbò. Kòtò tí ń dá ọ̀rá dúró kí omi tó dé sókàwéè gbọ́dọ̀ wà nínú plánì tuntun náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé owó lásán ni ìjọba ń wá. Lóòótọ́ ni owó wà níbẹ̀, ìdádúró sì wà, ó sì yẹ kí ìjọba mú un yá. Síbẹ̀, àtúnṣe tí ẹnjiníà bá fi hàn lórí ìwé kò wọ́n tó èyí tí a ṣe lẹ́yìn tí àjà ti sán. Kí ẹni tó fẹ́ háyà ilé tó san owó, kí ó béèrè ẹ̀dà plánì lọ́wọ́ onílé, kí ó sì jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun fọwọ́ sí yíyí ìlò ilé náà padà, nítorí pé wọn yóò béèrè ìwé ilẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gba àṣẹ, ọwọ́ onílé ni ìwé náà sì wà.