Bí Mínísítà Ṣe Ń Dé Ipò àti Bí Ó Ṣe Ń Kúrò Níbẹ̀ ní Mòrókò

Òfin ìpìlẹ̀ tí àwọn ará Mòrókò dìbò gbà ní oṣù Keje ọdún 2011 ló la ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di mínísítà. Abala 47 ní inú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá mú ipò kìíní nínú ìdìbò sí ilé aṣojú ni Ọba yóò ti yan olórí ìjọba. Olórí ìjọba yóò fa orúkọ àwọn mínísítà kalẹ̀, Ọba yóò sì fi wọ́n sípò. Níwọ̀n bí ẹgbẹ́ kan kì í ti í dá ní aṣòfin tó pọ̀ tó, ṣe ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń para pọ̀, tí wọn á sì pín ipò láàárín ara wọn.

Ọ̀nà yìí ni Mohamed El Ouafa gbà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2012. Ó ti ṣe olórí ìlú Marrakech rí, ó sì ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Íńdíà, Ìráànì àti Bràsíl. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Istiqlal, ló bá PJD, ẹgbẹ́ Abdelilah Benkirane tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ṣe ìjọba; ìjókòó 107 nínú 395 ni PJD ní ní ilé aṣojú. Nígbà tí Istiqlal fi ìbínú jáde kúrò nínú ìjọba ní 2013, ó ní kí àwọn mínísítà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Márùn-ún kọ̀wé; El Ouafa kọ̀ jálẹ̀.

Òfin fún un láàyè. Ẹgbẹ́ lè lé ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè yọ mínísítà: bí òun fúnra rẹ̀ kò bá kọ̀wé, tí olórí ìjọba kò sì bẹ Ọba pé kí ó yọ ọ́, Ọba nìkan ló kù tí ó lè dá a dúró, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọ̀rọ̀ lọ olórí ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá, Rachid Belmokhtar, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, gba ètò ẹ̀kọ́; wọ́n sì gbé El Ouafa lọ sí ipò mínísítà mìíràn lábẹ́ Benkirane.

Agbára Ọba yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Ọba Mohammed Kẹfà yọ Mohamed Hassad, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, kì í ṣe nítorí ilé ẹ̀kọ́ rárá, bí kò ṣe nítorí iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú Al Hoceima tí ó falẹ̀ nígbà tí Hassad ń ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Belmokhtar, tí ó ti kúrò nípò tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tí Ọba sọ pé wọn kò ní di ipò ìjọba kankan mú mọ́.