Bí A Ṣe Ń Ṣírò Bóyá Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Yóò Ya

Bí ilẹ̀ amọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá máa ya, ó sábà máa ń yọ̀ wálẹ̀ lódindi, tí ojú tó ti yọ̀ á sì tẹ̀ kòtò bí inú igbá. Lẹ́yìn tí èbúté Stigberg ya ní Gothenburg, ní Sweden, lọ́dún 1916, àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òbìrìkítí ṣírò ojú yẹn, wọ́n sì ń gé ilẹ̀ orí rẹ̀ lóròó bí ẹni gé búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ ká mú ègé kan. Ó fẹ̀ ní mítà 2, ó ga ní mítà 5, ìwúwo ilẹ̀ náà sì jẹ́ 18 kN (kílónútọ̀n, òṣùwọ̀n agbára) fún kúbíìkì mítà kan. Fún mítà kan gígùn, ègé yìí wúwo tó 180 kN. Bí ìdí rẹ̀ bá dagun ní dígírì 30, 90 kN ń fà á wálẹ̀, 156 kN sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, tó gùn ní mítà 2.31. Ká ní lẹ́ẹ̀bù sọ pé ìlẹ̀mọ́ra amọ̀ náà, ìyẹn bó ṣe lẹ̀ mọ́ra tó, jẹ́ 10 kPa (kN 10 lórí síkúẹ̀ mítà kan), igun ìhara rẹ̀, tó ń sọ bí ilẹ̀ náà ṣe ń ha mọ́ra tó, sì jẹ́ dígírì 28: ìlẹ̀mọ́ra á mú 23 kN wá (10 × 2.31), ìhara á mú 83 (156 × tan 28°). Àròpọ̀ 106 ju 90 lọ.

Òjò wá rọ̀, agbára tí omi inú ilẹ̀ fi ń tì dé 20 kPa. Ọ̀pọ̀ ń rò pé omi kàn ń mú ilẹ̀ yọ̀ ni. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń gbé ilẹ̀ sókè: 46 (20 × 2.31) kúrò nínú 156, ìhara já sí 58, àròpọ̀ di 81. Ìyẹn kò tó 90 mọ́.

Ègé kan ṣoṣo kọ́ ló ń pinnu ṣá o. Àwọn tó wà lókè ń fà, àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí òbìrìkítí ti ń yí sókè padà, ń dì wọ́n mú. Ìdí nìyí tí gbígbẹ́ gọ́tà sẹ́sẹ̀ òkè fi léwu tó bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń dì í mú gan-an la gbẹ́ dànù. A ó ro gbogbo agbára tó ń dì mú pọ̀, a ó fi gbogbo èyí tó ń fà pín in. Fún òkè tí yóò wà títí, 1.5 la sábà ń wá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òbìrìkítí la ó dán wò. Èyí tí iye rẹ̀ kéré jù ni ìdáhùn.

Ọ̀nà tí a lò lókè yìí, tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà Fellenius, kò ka bí ègé kan ṣe ń ti èkejì, nítorí náà iye rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, pàápàá níbi tí omi pọ̀. Ọ̀nà tí Bishop gbé jáde lọ́dún 1955 sàn jù, àmọ́ ìdáhùn wà lápá méjèèjì ìṣirò: a ó méfò iye kan, a ó ṣírò, a ó fi èyí tó jáde rọ́pò rẹ̀, títí méjèèjì á fi bára mu.

Bí iye bá kéré, omi ni kí a kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbájáde fún. Nínú ègé tiwa yìí, bí a bá fa 20 kPa dé 10, agbára tó ń dì mú á padà sí 94.