Ẹ̀ṣẹ́ oníkílò 50 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé

Bí èèyàn márùn-ún bá jókòó wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ pọ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ara wọn fúyẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí tètè ṣe tiwọn tán, ká lè rí ìjà gidi wò." Ẹlòmíràn á na ẹsẹ̀, á ní bí wọ́n bá fi òun àti èyí tó wọ ṣòkòtò pupa yẹn sílẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo lòun máa fi gbé e jù sẹ́yìn okùn. Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Ìgbà tí mo wá ń fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn abẹ̀ṣẹ́ tó fúyẹ́ yìí ń fojú ara wọn rí ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ́ tó bá ti ara kékeré jáde kò lè ṣe bàbàrà. Látibẹ̀ la ti ń bọ́ sórí èkejì, pé nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ wọn ò le, kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ̀kẹta tún ni pé ìpele àwọn tó fúyẹ́ dà bíi kíláàsì kìíní nílé ìwé, níbi tí ọmọṣẹ́ ti ń gbọ́n kó tó lọ bá àwọn àgbà.

Mi ò ní purọ́, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣẹ́ ẹni tó wọn kílò 100 lágbára ju ti ẹni tó wọn kílò 50 lọ, ìjà àwọn tó wúwo jù sì sábà máa ń parí sí ìdákú ju ti àwọn tó fúyẹ́ lọ. Ìdí tí wọ́n fi gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ gan-an nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó jókòó sórí àga tó ń wò ó, àgbọ̀n tirẹ̀ ló ń fi ọkàn gbé ẹ̀ṣẹ́ yẹn bá, tàbí àgbọ̀n Mike Tyson. Ẹ̀ṣẹ́ náà ò sì wá wọn. Ẹni tó wọn kílò 50 ló ń gbá ẹlòmíràn tó wọn kílò 50, orí olúwarẹ̀ kì í sì í ṣe ìdajì orí ẹni kílò 100. Ara lè dín sí ìdajì, ọpọlọ kì í dín bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tín-ín-rín ni ọrùn tó gbé orí náà dúró, ọrùn yìí ló sì yẹ kó gba ẹ̀ṣẹ́ mọ́ra kí orí má bàa yí bíi òòyì.

Ẹ tún wo ìbọ̀wọ́. Láti ìpele tó kéré jù lọ títí dé ti kílò 66.7, áúnsì 8 ni wọ́n sábà máa ń wọ̀ nínú ìjà owó. Áúnsì 10 ni ti àwọn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní kò lẹ́ṣẹ̀ẹ́ yìí gan-an ni tìmùtìmù ọwọ́ rẹ̀ kéré jù.

Ẹni tí mo máa ń fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni Naoya Inoue, ọmọ Japan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní Yokohama, òun àti Juan Carlos Payano pàdé ní ìpele kílò 53.5. Payano ti gba bẹ́líìtì àgbáyé rí, kò sì tíì sí ẹni tó lù ú dákú. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń yí ara wọn po, tí oníkálùkù ń fẹsẹ̀ wá ibi tó máa dúró sí. Inoue wá na ọwọ́ òsì sí i lójú, ọ̀tún sì tẹ̀ lé e, ó gba àárín ọwọ́ méjèèjì tí Payano fi bojú wọlé. Gbalaja ni Payano fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 70 péré láti ìgbà tí aago ti dún, ìjà ti tán. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Glasgow, Emmanuel Rodriguez, tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà rí, ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ní abala kejì, rẹfirí sì dá ìjà dúró.

Kì í ṣe Inoue ló dá a sílẹ̀. Jimmy Wilde, ará Wales tó ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú, ló di adé àgbáyé ìpele kílò 50.8 mú láti ọdún 1916 títí di 1923, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì wọ̀n tó ìwọ̀n ìpele ọ̀hún pàápàá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni iwin tó mú òòlù lọ́wọ́. Wilfredo Gómez ti Puerto Rico gbèjà bẹ́líìtì rẹ̀ ní ìpele kílò 55.3 lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún léraléra, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dé ọwọ́ àwọn adájọ́, gbogbo wọn pátá ló lù mọ́lẹ̀. Ẹni tó wá na Gómez fúnra rẹ̀ nílé rẹ̀ ní San Juan ní oṣù Kejìlá ọdún 1984 ni Azumah Nelson ti Ghana, ní abala kọkànlá, ní ìpele kílò 57.2. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Bó bá jẹ́ tèmi, orúkọ "abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò" yìí, àwọn tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́ jù. Àwọn òmìrán máa ń sán àrá kan, wọ́n á sinmi, wọ́n á gbára lé ara wọn lọ́rùn, wọ́n á mí. Ti àwọn yìí, ọ̀wààrà ni. Ẹ̀ṣẹ́ á tẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ ò ní dúró, orí ò ní dúró, títí abala kejìlá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wààrà yìí ló gbé mi dé èyí tó ń bí mi nínú jù, pé kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo kì í sábà parí ìjà wọn, ìjà wọn máa ń gùn. Ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ẹ̀kan tó dákú, rẹfirí ti ka iye fún un, dókítà ti dé. Ẹni tí wọ́n gbá nígbà ọgọ́rùn-ún méjì tí kò ṣubú, wọ́n á ní akin ni, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, á sì tún jókòó sórí àpótí igun rẹ̀ láti dìde fún abala mìíràn.

Nígbà tí Hogan Bassey ti Nàìjíríà gba adé àgbáyé ìpele kílò 57.2 ní Paris ní oṣù kẹfà ọdún 1957, ó di í mú títí di oṣù kẹta ọdún 1959, nígbà tí Davey Moore ti Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Los Angeles. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Los Angeles yìí kan náà, Sugar Ramos na Moore. Bí Moore ti ń ṣubú, okùn ìsàlẹ̀ ríǹgì ló fi ọrùn sọ. Ó dìde o, ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó ti ń múra, kó tó di pé ó dákú, kò sì jí mọ́. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ní ọdún 1980, Johnny Owen, ọmọ Wales, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò wọ̀n ju kílò 53.5 lọ, dákú ní abala kejìlá ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Lupe Pintor. Ó lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ò jí.

Lẹ́yìn wọn ni Duk Koo Kim, ọmọ South Korea, ní ìpele kílò 61.2. Òun àti Ray Mancini ló jà ní Las Vegas ní oṣù kọkànlá ọdún 1982, abala kẹrìnlá ló sì ṣubú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló kú. Abala 15 ni wọ́n ń ja ìjà adé àgbáyé nígbà yẹn. Lẹ́yìn ikú Kim ni WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fúnni ládé àgbáyé, gé e sí 12, àwọn àjọ yòókù sì tẹ̀ lé wọn nígbà tó yá. Òmìrán oníkílò 110 tó bá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn abala kejìlá lónìí, tó mọ̀ pé ìjà ti tán, ikú ẹni tí kò wọ̀n ju kílò 61 lọ ló ṣe é lóore.

Èmi ò tíì sọ ti òṣùwọ̀n o, òun sì ni ìjà àkọ́kọ́. Ẹni tó wà ní ìpele tó ga jù lọ, láti kílò 90.7 sókè, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè iye tó jẹ lálẹ́ àná. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́ bí àwọn ìpele ṣe sún mọ́ra: 47.6, 49, 50.8, 52.2, 53.5, 55.3. Kílò kan àti ààbọ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà láàárín bẹ́líìtì kan àti òmíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ kílò 57 lójoojúmọ́ á fẹ́ jà ní 52.2, kó lè ga ju ẹni tó fẹ́ bá jà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìjà, oúnjẹ á dín. Ọjọ́ méjì tó kù, omi á dín. Á wọ aṣọ ọ̀rá, á máa sáré nínú rẹ̀, á wọ yàrá gbígbóná lọ jókòó, á máa tutọ́ sínú ike, nítorí itọ́ náà ní ìwọ̀n. Bó bá gun òṣùwọ̀n tó ṣì fi díẹ̀ wúwo jù, wọ́n á fi táwẹ̀lì bò ó, á bọ́ ṣòkòtò, á tún gun un níhòòhò. Ètè rẹ̀ á ti gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti wọlé. Lẹ́yìn náà ló tó gba ìgò omi. Ìjà di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ẹ rí tó ń jó ká ríǹgì lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí orí àpáta ní wákàtí 30 sẹ́yìn. Nígbà kan, IBF, òun náà jẹ́ àjọ tó ń fúnni ládé àgbáyé, rí i pé àwọn kan ń sọ ara wọn di ẹlòmíràn láàárín alẹ́ kan, wọ́n ní kí oníjà adé tún gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, kò sì gbọdọ̀ fi ju pọ́n-ùn 10 lọ kọjá ìwọ̀n ìpele rẹ̀.

Manny Pacquiao, ọmọ Philippines, mọ̀ ọ́n. Oṣù kejìlá ọdún 1998 ló gba adé WBC ní ìpele kílò 50.8. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Orí òṣùwọ̀n ló ti pàdánù bẹ́líìtì náà, kó tó wọ ríǹgì rárá, Medgoen Singsurat sì tún gbá a níkùn ní abala kẹta, kò lè dìde. Ó fo ìpele mélòó kan, ó gba adé mìíràn ní ìpele kílò 55.3 lọ́wọ́ Lehlo Ledwaba ní oṣù kẹfà ọdún 2001, ó sì gùn ún lọ títí ó fi gba adé ní ìpele mẹ́jọ.

Ìtàn Pacquiao yìí ló sì tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé, ṣé ẹ rí i, ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìjà owó ní ọdún 1995, ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ìpele kì í ṣe kíláàsì. Ricardo López ti Mexico lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìpele kílò 47.6, èyí tó kéré jù lọ pátápátá, ìgbà tó kù díẹ̀ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló tó gun ẹyọ kan sókè. Ìjà 51 ló jáwé olúborí, ó ta ọ̀mì kan, kò sẹ́ni tó nà án rí títí tó fi gba ilé lọ. Wọ́n tún ní ara àwọn oníwọ̀n kékeré tètè ń gbó. Nonito Donaire ti pé ọdún méjìdínlógójì nígbà tó gba adé WBC ní ìpele kílò 53.5 ní ọdún 2021, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi gbà á, ní abala kẹrin.

Wọ́n á tún ní kò sówó nínú ìjà àwọn tó fúyẹ́. Níbi owó yìí, mo gbà fún wọn ní ìdajì. Owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó fúyẹ́ kéré sí ti àwọn òmìrán, ó sì ti pẹ́. Srisaket Sor Rungvisai ti Thailand ti kó ìdọ̀tí rí ní Bangkok kó tó di ẹni tó na Román González lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2017, González tí àwọn kan ti kà sí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó dáńtọ́ jù láyé bí a bá yọ ti ìwọ̀n ara kúrò. Àmọ́ láti ọdún 1994 ni Michael Carbajal ti Amẹ́ríkà, ẹni kílò 49, ti gba mílíọ̀nù kan dọ́là nínú ìjà kan. Ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lowó ń lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 1990, nínú pápá Tokyo Dome, Buster Douglas na Mike Tyson, gbogbo ayé gbọ́. Odindi ọdún 34 ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ kankan kò fi wáyé níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó dá a padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Inoue, ní ìpele kílò 55.3, èèyàn tó sì wá wò ó lé ní ẹgbẹ̀rún 40. Ní abala kìíní, Luis Nery ti Mexico fi ẹ̀ṣẹ́ òsì tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé gbé e ṣubú, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi ìdí Inoue kanlẹ̀ látìgbà tó ti ń jà fún owó. Kò sáré dìde. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó ń wo rẹfirí lójú, ó jẹ́ kó kà á dé mẹ́jọ. Abala kejì, ó lu Nery ṣubú. Abala karùn-ún, ó tún lù ú ṣubú. Abala kẹfà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé Nery jù sára okùn, ó sì yọ́ wálẹ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn ìsáṣọ.