Ampilifáyà kékeré fún gìtá: kí ló dé tí nọ́ńbà inú dáyágíráàmù ò fi bára mu?

Àbúrò mi kan fẹ́ kan ampilifáyà kékeré tó máa fi gbọ́ gìtá oníná rẹ̀ nínú hẹ́dífóònù, kó lè máa kọ́ ọ lóru láìjí ẹnikẹ́ni. Ó rí dáyágíráàmù mẹ́ta, chip LM386 kan náà, èyí tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, ni gbogbo wọn lò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara kápásítọ̀ wọn ò bára mu, ọ̀rọ̀ wá tojú sú u. Ohun tó bi mi àti ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ní kí n fi 220µF síbi tí hẹ́dífóònù wà, èkejì ní 470, 10 ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mi ò lè lò ó bẹ́ẹ̀?

O lè lò ó, á dún, àmọ́ á máa dún hín-ín hín-ín bíi rédíò kékeré tí bátìrì ẹ̀ ti ń kú. Wò ó, ẹsẹ̀ 5 tí ohùn ti ń jáde lára chip yẹn, iná tó tó ìdajì bátìrì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, bátìrì 9V túmọ̀ sí nǹkan bíi 4.5V kódà tó ò bá fọwọ́ kan gìtá rárá, iná yẹn sì lè ba hẹ́dífóònù jẹ́. Kápásítọ̀ ló ń dá a dúró tó ń jẹ́ kí ohùn nìkan kọjá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dí ohùn ìsàlẹ̀ lọ́nà tó. Ìṣirò ẹ̀ ò le: 1 ÷ (2π × R × C), R ni ohm hẹ́dífóònù, C ni kápásítọ̀, tó o bá kọ ọ́ ní farad, ìyẹn ni pé 220µF jẹ́ 0.00022. Fi 32 ohm àti 10µF sínú ẹ̀, wàá rí nǹkan bíi 500Hz, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn ló máa máa rọ, bẹ́ẹ̀ okùn tó nípọn jù lára gìtá, 82Hz ni. Ó ti lọ nìyẹn! 220µF á gbé e wá sí 23Hz.

Àmọ́ dúró o. Tó o bá so etí ọ̀tún àti tòsì pọ̀ kí ohùn lè wọ méjèèjì, 32 méjì ti di 16 nìyẹn, 220 á wá fún ẹ ní 45Hz. Gìtá ò ní mọ̀ ọ́n, gìtá báàsì tí okùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 41Hz ló máa mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni 470 ti wúlò. Ṣó o rí i pé kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Kí ló dé tí gìtá mi ń dún bí ẹni tí wọ́n faṣọ bò lẹ́nu, tí orin inú fóònù sì ń dún dáadáa nínú ẹ̀?

Èyí gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Pickup gìtá jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, agbára tó ń mú jáde ò tó nǹkan, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹnu LM386 fúnra ẹ̀ jẹ́ 50kΩ, fọ́lúùmù 10kΩ tí wọ́n fi síwájú ẹ̀ tún wá fa tiẹ̀, ohùn òkè á kú pátápátá. Fóònù lágbára, kò kà á sí. Nǹkan bíi 1MΩ ni gìtá fẹ́ rí, nítorí náà fi buffer ṣáájú, ìyẹn sákíítì kékeré tí kì í fa gìtá tó sì lágbára láti gbé ohùn ẹ̀ fún chip, kí fọ́lúùmù wà láàárín buffer àti chip. Àwọn kan máa ń fi tíránsístọ̀ J201 ṣe buffer yẹn, àmọ́ ayédèrú ẹ̀ pọ̀ jù, chip TL072 ni èmi máa ń mú.

Wọ́n máa ń kọ A tàbí B sára fọ́lúùmù, èwo ni kí n rà?

A. Tó o bá lo B, gbogbo ariwo á ti jáde níbẹ̀rẹ̀, tó o bá wá ń yí i lọ o ò ní gbọ́ ìyàtọ̀ mọ́. Fún résístọ̀, 1/4W ti tó, má da ara ẹ láàmú. Kápásítọ̀ tó ní ojú pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, ra 16V tàbí 25V, má sì so ó sódì.

Ó ń súfèé tí mo bá gbé e sókè ńkọ́?

Ṣó ò yọ résístọ̀ 10Ω àti kápásítọ̀ 0.047µF tó wà lẹ́sẹ̀ 5 lọ síbi gíráǹdì (ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù)? Mo yọ tèmi nígbà kan, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá ibi tí ìfé yẹn ti ń wá. Fi wọ́n síbẹ̀, fi 100µF sẹ́bàá ẹsẹ̀ 6, fi 10µF sẹ́sẹ̀ 7, kó o sì fi ẹsẹ̀ 1 àti 8 sílẹ̀ láìso nǹkan kan mọ́ ọn. Tó o bá fi 10µF sáàárín wọn, ìlọ́po 20 á di 200, hẹ́dífóònù ò sì nílò ìyẹn láé.

Ṣé mo lè fi adápítọ̀ 12V sí i?

Má ṣe bẹ́ẹ̀. LM386N-1 kò gbọdọ̀ rí ju 15V lọ, àwọn adápítọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n kọ 12 sí lára sì máa ń gbé 16 jáde tí ẹrù ò bá sí lórí wọn. Bátìrì 9V ti tó, nǹkan bíi 4mA ni chip yẹn ń jẹ tí o ò bá ta gìtá, TL072 á fi díẹ̀ kún un. Ìhò tí gìtá ń wọ̀, stereo ni kó o rà, so nẹ́gétíìfù bátìrì mọ́ ring ẹ̀ (ojú kẹta tí ti mono kì í ní), torí plug gìtá tó jẹ́ mono á fúnra ẹ̀ so ó mọ́ gíráǹdì tó o bá ti kì í bọ̀ ọ́. Tó o bá fà á yọ, iná kú, o ò tún nílò switch.